Owó Orí Lórí Èéfín: Kí Ni Ó Kan Ìyá Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn òṣèlú lójú yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó orí ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Èéfín ni kòkòrò tí mo ń wí.

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu kiri báyìí tí wọ́n ń pè ní vape. Kì í ṣe sìgá: a kì í ṣáná sí i, kì í sì í ní eérú. Bátìrì inú rẹ̀ ni ó ń mú omi olóòórùn dídùn kan gbóná títí yóò fi di oru, tí ẹni tí ó ń mu ún yóò fi fà á sínú. Òmíràn rí gẹ́lẹ́ bí gègé ìkọ̀wé. Òórùn máńgòrò tàbí ti súìtì ni ó ń jáde lára rẹ̀, nítorí náà ìyá tí ó ń retí òórùn sìgá lára ọmọ rẹ̀ kò ní fura rárá. Bẹ́ẹ̀ ni nicotine, oró inú tábà tí kì í jẹ́ kí amusìgá lè fi sìgá sílẹ̀, wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Oró yìí a máa ba ọpọlọ ọmọ tí ó ń dàgbà jẹ́, kò sì dára fún aboyún àti ọlẹ̀ inú rẹ̀.

Bí a bá ti sọ̀rọ̀ dé ibí yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń wí ni pé, "Kí ìjọba kúkú bu owó orí ńlá lé e, kí ó wọ́n, kí ọwọ́ ọmọdé má baà tó o." Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n ìjọba wo? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Gbàgádà lè rò pé Aláùsá ni a ó kọ̀wé sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí à ń gbà lórí irú ọjà báyìí lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é tàbí tí ó kó o wọ̀lú, Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti fi sí ìkáwọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ nìkan. Ohun tí Ìpínlẹ̀ Èkó lè ṣe ni pé kí ó sọ ibi tí a kò ti gbọdọ̀ mu sìgá. Ó sì ṣe é ní ọdún 2014, nígbà tí Gómìnà Fáṣọlá fọwọ́ sí òfin tí ó lé sìgá kúrò ní ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti inú ọkọ̀ èrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ owó orí, ọ̀dọ̀ aṣojú rẹ̀ ní Àbújá ni kí ó lọ.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni tiwọn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá ti rẹ̀ gbé kalẹ̀. Minnesota ni ó kọ́kọ́ gba owó orí lórí vape ní ọdún 2010. Láti ọdún 2013, ó ti di ìdá 95 nínú 100 iye tí àwọn oníṣòwò ńlá ń tà á fún àwọn onísọ̀. Ìjà ńlá sì wà nídìí rẹ̀. Àwọn kan ní kí owó orí náà wúwo nítorí àwọn ọmọdé. Àwọn mìíràn ní àgbàlagbà tí ó ti fi vape rọ́pò sìgá yóò padà sídìí sìgá bí vape bá wọ́n jù ú lọ. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbèrò láti gba pọ́n-ùn £2.20 lórí mílílítà 10 omi vape láti oṣù kẹwàá ọdún 2026, wọ́n sì tún fi kún ti sìgá kí ìyàtọ̀ àárín wọn má baà parẹ́. Nítòsí wa níhìn-ín, orílẹ̀-èdè Gánà fi òfin ọdún 2023 bu owó orí lé vape.

Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe sìgá a máa sọ pé bí owó orí bá pọ̀ jù, àwọn onífàyàwọ́ ni yóò jèrè. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ibodè Sẹ̀mẹ̀ kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n bí olè bá ń jà lọ́jà, ẹ̀ṣọ́ ni a ń wá. A kì í torí rẹ̀ fi ọjà tọrẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a ti ṣe lórí sìgá nílé wa, nítorí ọ̀nà kan náà ni ti vape yóò gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fi náírà 1 lé sìgá ẹyọ kan, yàtọ̀ sí ìdá 20 nínú 100 tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó di náírà 2 ní ọdún 2019, ó sì di náírà 2 àti kọ́bọ̀ 90 ní ọdún 2020. Páálí sìgá kan tí ó ní ogún ẹyọ san náírà 58 nìyẹn. Owó náà kò tó sẹ́ńtì 20 owó Amẹ́ríkà lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fẹnu kò láti ọdún 2017 pé kò gbọdọ̀ dín ní sẹ́ńtì 40 lórí páálí kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Máìlì 12 ni kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún. Owó orí tí a dá dúró sójú kan, bí yìnyín inú oòrùn ni: bí gbogbo nǹkan ti ń gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ ni òun ń yọ́. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi náírà 10 lé lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Náírà 5 ni ti ìgò kékeré. Ọmọ wo ni náírà 5 lè dá dúró?

Ohun kejì tí ń ba owó orí jẹ́ ni títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òfin tábà ti ọdún 2015 kà á léèwọ̀, ó sì ní a kò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí tábìlì ìsọ̀ àdúgbò yín. Súìtì, bísíkíìtì àti sìgá jókòó ti ara wọn, iye owó ẹyọ sìgá kan kò sì ju ohun tí à ń fún ọmọ fi jẹun ọ̀sán lọ.

Ẹ má ṣe sọ pé obìnrin kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú owó orí. Ní ọdún 1940, ìjọba àwọn òyìnbó fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Èkó tí ó bá ń rí ju pọ́n-ùn £50 lọ́dún. Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí òun kàn. Ìjọba yí ohùn padà, wọ́n sún un dé pọ́n-ùn £200. Nígbà náà, àwọn ìyá wa ń bèèrè ìdí tí a fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn. Lónìí, ẹ̀yin ni ó yẹ kí ẹ bèèrè ìdí tí a kò fi gba èyí tí ó tó lórí ohun tí ń pa ọmọ lára, àti ibi tí èyí tí a gbà ń wọlé sí. Òfin ọdún 2015 kan náà ti dá àpò owó kan sílẹ̀ fún gbígbógun ti tábà; ẹ bèèrè lọ́wọ́ aṣojú yín pé èló ni ó wà nínú rẹ̀.

Kí ìdáhùn tó dé, ilé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ń bẹ nínú àpò ìwé ọmọ yín, kí ẹ sì fi ohùn tútù bi í, nítorí ọmọ tí a nà kí a tó gbọ́ tẹnu rẹ̀ yóò kọ́ bí a ti ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ bá ìyá onísọ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Abiyamọ bí i tiyín ni òun náà. Bí baálé bá ń mu sìgá, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó máa mu ún níta, kí ó sì wá ìmọ̀ràn dókítà láti jáwọ́. Owó orí lè mú kí èéfín wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé ni yóò mú kí ọmọ kọ̀ ọ́ nígbà tí a bá fi lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó dìgbà kan ná. Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa.