Irin Nìkan Kì Í Ṣọ́ Ara Rẹ̀

Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ń da Alibori àti Atacora láàmú, ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn wa: ẹ jẹ́ kí ìjọba jí rélùwéè Cotonou sí Parakou, kí àwọn sójà lè rí nǹkan gbé lọ sókè lọ́hùn-ún kíá. Àwa náà fẹ́ kí rélùwéè jí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa ni irin náà gbà kọjá, nítorí náà ó yẹ ká mọ ohun tó lè ṣe fún ológun, ká sì mọ ibi tó ti lè dá wọn, àti àwa náà, lágara.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò ṣe ń ṣírò ọjà. Ìbọn kì í jẹun, ẹni tó gbé e ló ń jẹun. Sójà fẹ́ ìrẹsì, ó fẹ́ omi, ó fẹ́ epo, oògùn, àgọ́ àti ọta. Ká ní ẹ̀ńjìnì kan fa wágọ́nù 20, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé 30 tọ́ọ̀nù. 600 tọ́ọ̀nù nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ kámíọ̀n olọ́gbọ̀n tọ́ọ̀nù ni, 20 ni yóò tò tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú awakọ̀ 20 àti táyà tí yóò máa bẹ́ lójú ọ̀nà. Tó bá wá jẹ́ orí èèyàn ni, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ru 30 kílò, ẹgbàá mẹ́wàá èèyàn la máa wá, ìyẹn 20,000, àwọn náà á sì jẹ nínú oúnjẹ tí wọ́n rù. Ìdí nìyí tí ológun fi fẹ́ràn rélùwéè.

Àbùkù rẹ̀ wà níbi tí agbára rẹ̀ wà. Kámíọ̀n tó bá bá igi lójú ọ̀nà lè yà sínú oko, ó lè ṣẹ́rí padà. Ọkọ̀ ojú irin ò mọ̀ ju ibi tí irin bá gbé e lọ. Gbogbo ayé ló mọ ibi tó máa gbà, gbogbo ayé ló mọ afárá tó máa gùn. Ti wa yìí tún jẹ́ irin ẹyọ kan, kìlómítà 438 láti Cotonou dé Parakou. Tí wọ́n bá ba afárá orí odò Ouémé jẹ́, gbogbo ẹ̀ńjìnì tó wà ní Cotonou ò lè ran ẹni tó wà ní Ṣábẹ lọ́wọ́. A ò sì lè yá wágọ́nù lọ́wọ́ àwọn ará Nàìjíríà: irin tiwa fẹ̀ tó mítà kan, tiwọn àtijọ́ fi díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, tuntun tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn sì fẹ̀ jù méjèèjì lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹni tó bá rò pé ìtàn ìlú òkèèrè là ń pa, kó bi àwọn ará wa ní Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ana ń gbé. Ẹ̀bá ibẹ̀, ní Kamina, ni àwọn ará Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá sí, tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀ tààrà. Wọ́n ti la irin láti Lomé dé ibẹ̀, ó lé ní 160 kìlómítà, ó sì ti dé Atakpamé láti ọdún 1911. Irin yẹn ló kó òpó, ẹ̀rọ àti sìmẹ́ǹtì wọn débẹ̀. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, wọ́n fi Lomé sílẹ̀ láìjà, wọ́n gba ojú irin padà sí Kamina, wọ́n sì ń ba afárá jẹ́ lẹ́yìn ara wọn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Lomé wọlé tẹ̀lé wọn, àwọn Faransé sì ti Dahomey wọlé. Nǹkan bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, àwọn ará Jámánì kó sójà sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ní àwọn máa sọ̀ kalẹ̀ lọ kọlu àwọn tó ń bọ̀. Àwọn sójà Gold Coast ti gba ọ̀nà ẹsẹ̀ yọ sí Agbélouvé. Àwọn ará abúlé ló sọ fún wọn pé ọkọ̀ ti kọjá lọ sísàlẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kó òkúta àti irin sórí ojú ọ̀nà ọkọ̀ náà. Àwọn tó fi rélùwéè wá ò rí rélùwéè padà sílé; ọ̀gá wọn, Pfähler, kú síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlélógún, wọ́n tún jà lẹ́bàá odò Chra, níbi tí àwọn ará Jámánì ti fọ́ afárá, tí wọ́n sì gbẹ́ kòtò dúró. Ìjà yẹn ló le jù. Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ ara wọn wó òpó Kamina, wọ́n sì túúbá lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Kò pé oṣù kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé irin tó kó ẹrù Kamina débẹ̀ náà ló wá di ọ̀nà tí ọ̀tá tọ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ìkejì kan àwa gan-an. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kúrò ní Lomé wọ inú ilẹ̀, sójà wọn lé díẹ̀ ní 550, ṣùgbọ́n aláàárù tó tẹ̀ lé wọn lé ní 2,000. Sójà kan, aláàárù bíi mẹ́rin. Bí afárá bá já, orí ta ni ẹrù ń bọ́ sí? Orí àwọn bàbá wa. Àwọn kan náà tí olóyìnbó fi ipá mú láti ọwọ́ baálẹ̀ kí wọ́n wá la irin, àwọn ni wọ́n tún ń wá nígbà tí irin bá bàjẹ́. Ẹni tí wọ́n fi ipá mú kì í ṣọ́ nǹkan fúnni. Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ará abúlé júwe ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà.

Ṣé ayé ti yàtọ̀ báyìí? Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn ju bọ́ǹbù sí rélùwéè Abuja sí Kaduna, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ sínú igbó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i tí ohun ìjà ogun já lu ibùdó rélùwéè Kramatorsk ní Ukraine, níbi tí àwọn aráàlú pọ̀ sí, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀ láti sá àsálà. Ó lé ní 50 èèyàn tó kú. Páìpù epo rọ̀bì tó ti Niger wá sí Sèmè, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 kìlómítà, àwọn kan bà á jẹ́ ní ìhà Niger lọ́dún 2024. Ohun tó bá gùn báyẹn, kò sí iye sójà tó lè dúró tì í lójoojúmọ́. Àwọn tó ń sùn tó ń jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè mọ̀ pé àlejò kan ń fọwọ́ kan bóòtù lóru.

Nítorí náà, a ní ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọba wa bá ìjọba sọ, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, kí ọkọ̀ náà máa dúró ní Ìdáàṣà, ní Ṣábẹ, ní Tchaourou, kó gbé iṣu, àgbàdo, kajú àti èrò. Irin tó bá ń gbé ọjà ìyá ẹni, kò sẹ́ni tí yóò jẹ́ kí wọ́n tú u. Èyí tó bá kàn ń sáré kọjá lórí ilẹ̀ wa pẹ̀lú ẹrù ológun, ti ìjọba nìkan ni.

Èkejì, kí wọ́n gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́ àtúnṣe, kí wọ́n máa gbé lẹ́bàá irin, kí irin àti igi ìpààrọ̀ sì wà nílẹ̀ nítòsí afárá kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a bá tún ṣe lọ́jọ́ méjì, ọ̀tá ò jèrè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má ṣe kó ọta àti epo ológun jọ sí ibùdó tó fara kan ọjà àti ilé ìwé. Kí wọ́n wá ibòmíràn fún un lẹ́yìn ìlú.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má jẹ́ kí ọ̀nà kámíọ̀n bàjẹ́ nítorí pé rélùwéè dé. Ẹ̀yin ará Kétu lè sọ pé irin ò dé ọ̀dọ̀ yín, pé Pobè ni irin Àjàṣẹ́ parí sí. Bí afárá Ouémé bá já lọ́la, ọ̀nà Pobè sí Kétu sí Ṣábẹ ni ẹrù máa wá gbà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn yín dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ náà. Àwọn kan wà láàárín wa tó ń tú irin àtijọ́ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, àwọn mìíràn sì ti kọ́lé sórí ilẹ̀ rélùwéè. A ò lè máa béèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba ká sì máa fi ọwọ́ òsì tú u. Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ pè wọ́n, ẹ kìlọ̀ fún wọn.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa béèrè sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ṣáájú ìpàdé tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n la irin àkọ́kọ́, àṣẹ ni wọ́n pa fún àwọn bàbá wa, wọn ò bi wọ́n léèrè. Èyí tó ń bọ̀ yìí, kí wọ́n bá ìdáhùn wa nílẹ̀.