Ẹ Yanjú Ti Àwọn Ọmọkùnrin Wa Ná

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí ọkùnrin kan kọ sí yín lórí àbá tí wọ́n ń gbé kiri ní Amẹ́ríkà, pé kí àwọn ọmọbìnrin náà máa fi orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun bíi tàwọn ọmọkùnrin. Ó ní Ìjọ Kátólíìkì kò gbà kí obìnrin ṣe ológun, nítorí náà ọ̀rọ̀ ti parí. Inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n bí mi sí ní Abẹ́òkúta, ó sì ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí mo ti ń gbé ní Maryland. Èmi náà kò fẹ́ òfin yìí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lé kò dúró, ó sì dùn mí gan-an pé kò rántí àwọn ọmọkùnrin wa rárá.

Ìbejì ni mo bí, Táíwò ọkùnrin, Kẹ́hìndé obìnrin. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, káàdì kan ṣoṣo ló wọlé wá, orúkọ Táíwò ló sì wà lára rẹ̀. Kí ó lè yé àwọn tó wà nílé: ọkùnrin tó bá ń gbé Amẹ́ríkà, tó wà láàárín ọdún 18 sí 25, gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ onílẹ̀, ì báà jẹ́ àlejò tó ní ìwé ìgbélùú, kódà ẹni tí kò ní ìwé kankan. Àwọn díẹ̀ ni òfin yọ sílẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí físà. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún márùn-ún wà níbẹ̀ fún un, ó sì lè dí i lọ́nà lọ́jọ́ tó bá fẹ́ di ọmọ ilẹ̀ náà. Láti 1973 wọn kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni wọṣẹ́ ológun mọ́, ṣùgbọ́n láti 1980 ni wọ́n ti tún ń gba orúkọ, torí ọjọ́ tí ogun bá dé.

Ìdí tábìlì ìjẹun wa ni Táíwò ti kọ ọ́. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, ìbuwọ́lùwé. Ó yí káàdì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Mọ́mì, ibo ni kí n kọ ọ́ sí pé ẹ̀rí ọkàn mi kò gbà kí n gbé ìbọn?" Kò sí àyè rẹ̀ níbẹ̀. Ó bá mú bírò dúdú, ó kọ ọ́ wínníwínní sí etí káàdì, a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí a tó fi ránṣẹ́. Iléeṣẹ́ tó ń gba orúkọ kì í ka irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ẹ̀dà ọwọ́ wa nìkan ni ẹ̀rí tí a ní. Ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni Kẹ́hìndé dúró sí, tó ń wò ó títí tó fi kọ ọ́ tán, kò sọ nǹkan kan.

Kí ni Ìjọ wá sọ gan-an? Ìwé tí Àpérò Vatican Kejì fi síta ní 1965 sọ pé àwọn tó ń ṣe ológun fún ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ṣe é bó ti tọ́, ìránṣẹ́ ààbò àti òmìnira ni wọ́n. Ibẹ̀ náà ló ti ní kí òfin ìlú ṣètò tó yẹ ọmọ ènìyàn fún ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó gbé ohun ìjà, bó bá ti gbà láti sin ìlú lọ́nà mìíràn. Kò ya obìnrin sọ́tọ̀ níbẹ̀. Obìnrin tó kó ọmọ ogun lọ sí Orléans ní 1429, Joan of Arc, Ìjọ yìí ló sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní 1920. Àwa Ẹ̀gbá pàápàá kò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn obìnrin wà lára ọmọ ogun Dàhòmì tó gbógun wá bá wa ní 1851. Pé obìnrin lè jà, a ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Akọ̀wé yẹn ní ìyá ni obìnrin, ẹni tó ń bímọ kò yẹ kó máa pani. Baba ńkọ́? Franz Jägerstätter, àgbẹ̀ ará Austria, ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún un lọ́dọ̀ Franziska ìyàwó rẹ̀ nígbà tó kọ̀ láti jà fún Hitler. Àwọn àlùfáà bẹ̀ ẹ́ pé kó ro ti ìdílé rẹ̀. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní August 1943. Ní 2007 ni Ìjọ kéde rẹ̀ ní alábùkún, níwájú ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin ni. Ẹ̀mí ọkùnrin kò rẹlẹ̀ ju ti obìnrin lọ níwájú Ọlọ́run.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ nìyí, ibẹ̀ ni akọ̀wé yẹn fò dá. Ìjọ kò kọ́ wa pé gbogbo ogun ni ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní kí a wọn ogun kọ̀ọ̀kan wò, bó bá jẹ́ ti òdodo tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá lòdì sí ogun gbogbo nìkan ló ń dá sí. Ọmọ ìjọ wa kan, Louis Negre, tó ti wà nínú iṣẹ́ ológun, gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pé ogun Vietnam lòdì sí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ òun. Ní 1971 wọ́n ní kò lẹ́jọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún òfin náà ṣe. Títí di òní, kò sí àtúnṣe. Ìyẹn ni pé ọmọ Kátólíìkì tó gba ẹ̀kọ́ Ìjọ dáadáa gan-an ni òfin kò mọ̀.

Inú irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin gbé kalẹ̀ dábàá ní March 2020 pé kí wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin sí. Wọ́n ní láti ìparí 2015 ni gbogbo iṣẹ́ ogun ti ṣí sílẹ̀ fún obìnrin, ó sì yẹ kí ẹrù dọ́gba. Obìnrin tó bá fẹ́ ṣe ológun, mo kí i, ọ̀kan wà nínú ìjọ wa tí mo ń gbàdúrà fún. Òun ló yàn án fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi òfin mú yìí kì í ṣe yíyàn.

Mo bẹ ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, kó gba ìjà yìí mọ́ra fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lápapọ̀, kó sì bá wa kọ̀wé sí aṣòfin agbègbè tirẹ̀ pé kí àyè ẹ̀rí ọkàn wà lórí káàdì náà, kí òfin sì dá ẹni tó kọ ogun kan ṣoṣo mọ̀. Àárín ìwé ìrìbọmi àwọn ìbejì mi ni mo tọ́jú ẹ̀dà káàdì Táíwò sí. Mi ò fẹ́ fi ti Kẹ́hìndé lé e.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Maryland, Amẹ́ríkà.