Òdòdó Amọ̀ ní London: Ta Ni Yóò Ka Àwọn Òkú Ilẹ̀ Adúláwọ̀?

Ní oṣù keje ọdún 2014, yàrà tí ó yí ààfin àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Tower of London ká bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Òdòdó amọ̀ pupa ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí iye wọn fi pé 888,246 ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá ọdún náà. Paul Cummins, amọ̀kòkò ará ìlú Derby, ni ó ronú iṣẹ́ náà. Tom Piper, tí ó máa ń ṣètò orí ìtàgé, ni ó bá a tò ó. Òdòdó kan dúró fún ọmọ ogun kan tí ó bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso kú nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní.

Nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún ènìyàn ni ó lọ wò ó. £25 ni wọ́n ta òdòdó kan, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú mẹ́fà tí ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun sì pín nínú owó náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nǹkan bí 30,000 nínú wọn tún padà sí Tower fún ìrántí ọgọ́rin ọdún tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní Yúróòpù.

Iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Iye òkú tí a kà nínú ìwé a máa gba etí kan wọlé, a sì gba èkejì jáde. Ẹni tí ó bá fi ojú rí i kò ní í gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bá kà kò lè ní òdòdó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ Nàìjíríà.

Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ yìí jà ní Kamẹrúùnù láti ọdún 1914 sí 1916. Ní ìparí ọdún 1916, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ sì ṣubú ní Mahiwa ní oṣù kẹwàá ọdún 1917. Àwọn aláàárù tí ó ru ẹrù ogun lórí wà lẹ́yìn wọn; àìsàn àti ebi pa wọ́n ju ìbọn lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì jẹ́wọ́ pé àwọn bí 45,000 sí 54,000, tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára wọn, kò rí irú ìrántí tí àwọn òyìnbó rí. Ó kéré tán, 116,000 mìíràn, tí ó lè tó 350,000, pàápàá àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni a kò dárúkọ, tàbí tí a kò tilẹ̀ rántí rárá. Ní ọdún 1923, gómìnà Gold Coast, tí ó di Ghana lónìí, sọ pé ọmọ ìbílẹ̀ kò ní mọ iyì òkúta ibojì. Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà! Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tọrọ àforíjì.

Àforíjì dára, ṣùgbọ́n bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ṣe ń bá a pè é. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìn-ín-ní, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ yìí ń gbé òdòdó sí ibi ìrántí àwọn akọni. Ẹ̀yẹ ni, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ rán àwọn onímọ̀ ìtàn lọ yẹ àwọn ìwé àtijọ́ tó wà ní Ìbàdàn, Kàdúná àti Enugu wò, kí wọ́n sì gba ìtàn lẹ́nu àwọn ìdílé tí bàbá ńlá wọn lọ tí kò padà. Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà ya ibì kan sọ́tọ̀ fún ìrántí wọn, kí wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún àwọn amọ̀kòkò ilé. Àwọn baba ńlá ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń fi amọ̀ mọ orí ènìyàn kí òyìnbó tó dé. Títí dòní, àwọn obìnrin Dada ní Ìlọrin ń mọ ìkòkò.

Amọ̀ kò wọ́n nílẹ̀ yìí, ọwọ́ tí ó lè mọ ọ́n kò sì tíì tán. Orúkọ àwọn òkú ni ó kù kí a wá rí.