Amọ̀ Èkìtì: Ó yẹ kí kọ̀ǹpútà ran amọ̀kòkò lọ́wọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ìkòkò tó dé orí ààrò ọbẹ̀ ni iná ti dán an wò lọ́dọ̀ amọ̀kòkò tó sun ún. Ibẹ̀ ni òmíràn ti ń sán, tí igi ìdáná àti làálàá ọjọ́ pípẹ́ á sì bá a lọ.

Kí ni iná ń ṣe gan-an? Amọ̀ kì í yọ́ tán nínú iná bí òrí. Àwọn hóró rẹ̀ kéékèèké ló ń lẹ̀ mọ́ra, àlàfo àárín wọn ń dí, ìkòkò ń súnkì, ó sì ń le. Bí apá kan bá yára súnkì ju ìkejì lọ, sísán ló kù. Irú ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi ń ṣe ohun funfun tó wà lára plọ́ọ̀gì ọ̀kadà. Ìyẹ̀fun alumina ni, tí wọ́n ń sun ní nǹkan bíi 1,600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ó di nǹkan bíi 2,070 kó tó yọ́.

Lọ́dún 1945 ni Frenkel, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, ti fi ìṣirò ṣàlàyé bí hóró méjì ṣe ń dàpọ̀ nínú ooru. Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn á sọ fún un bí hóró ṣe tóbi tó àti bí iná yóò ṣe máa gbóná sí i, yóò sì fi ibi tí nǹkan yóò ti súnkì hàn kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kan, SPPARKS, tí ilé ìwádìí Sandia ní Amẹ́ríkà ṣe, ọ̀fẹ́ ni.

Amọ̀ kò wọ́n ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà. Láti ọdún 2020 ni Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ti wà ní Ìkẹ́rẹ́. FUTA, tó wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981, sì ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa irin àti àwọn ohun èlò bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí táìlì ilé fi ń ti òkèèrè wá?

Àwọn kan yóò ní kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ tó ìyá tó ti ń mọ ìkòkò láti kékeré. Wọn kò jayò pa. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Amọ̀ Ìkẹ́rẹ́ lè má rí bíi ti Èmùré, kọ̀ǹpútà kò sì mọ èyíkéyìí nínú wọn àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ wọn ọ́n, kí wọ́n sì sọ fún un. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tètè lọ bá àwọn ìyá wọ̀nyí, nítorí bí àgbà bá ti sùn, ìmọ̀ rẹ̀ ti bá a lọ.

Ohun tó yẹ kí ìjọba Èkìtì ṣe kò le. Kó pèsè kọ̀ǹpútà àti iná mànàmáná tí kò ní máa ṣe ségesège, kó sì san owó fún àwọn amọ̀kòkò tó bá kọ́ni níṣẹ́. Ọmọ tó bá fi kọ̀ǹpútà mọ ìṣesí amọ̀ ìlú rẹ̀ kò ní pẹ́ di ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́.