Kí Ọmọ Tó Ka ABD, Ẹ Jẹ́ Kó Mọ Àyíká Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọdún 3, ìbéèrè tó wọ́pọ̀ ni pé, "Ṣé ó ti lè ka ABD?" Bó bá kà á dé ìparí, inú wa á dùn, a ó ní ó ti tó ilé ìwé í lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ kan náà ní orúkọ igi tó wà níwájú ilé, ibi tí omi tí ẹ̀ ń mu ti ń wá, àti ìdí tí a kì í fi ọwọ́ tó dọ̀tí jẹun. Bí kò bá mọ ọ̀kankan, lójú tèmi, iṣẹ́ ṣì kù.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti ọdún 2013 fi ọdún 1 sílẹ̀ fún jẹ́lé-ó-sinmi kí ọmọ tó wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Gánà, ọdún 2 ni, láti 2007. Ó dára, àmọ́ àwọn ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ọwọ́ yín ni wọ́n wà.

Ọwọ́ àti ẹnu ni ọmọdé fi ń mọ ayé. Ohun tó bá rí nílẹ̀, á mú un. Ohun tó bá mú, á fi sẹ́nu. Ẹ rántí ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010. Àwọn èèyàn ń lọ òkúta tí góòlù wà nínú rẹ̀ láàárín agbo ilé, eruku òjé sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣeré sí. Ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Òjé kì í pa gbogbo ẹni tó bá wọ̀ lára, ṣùgbọ́n ó máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ẹ̀kọ́ á sì nira fún un.

Nítorí náà, àgbà ló ni iṣẹ́ àtọ́jú ilẹ̀ tí ọmọ ń ṣeré sí. Ẹ má ṣe tọ́jú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú sínú ọgbà. Òjé wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí lẹ óò wá máa kọ́ ọmọ díẹ̀díẹ̀.

Kò gba owó. Ẹ gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì, kí ọmọ máa bomi rin ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á hù. Ẹ ní kó ka ewé rẹ̀, kó sọ ohun tó kọ́kọ́ yọ. Ó ti kọ́ ìṣirò, ó ti kọ́ sùúrù, ohun tí olùkọ́ ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ fi ìdin ẹ̀fọn hàn án nínú omi táyà àlòkù, kẹ́ ẹ jọ da omi náà nù. Ẹ jọ máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun àti lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Kí ẹ sì máa pe orúkọ nǹkan fún un ní èdè ilé yín, ì báà jẹ́ Yorùbá, Haúsá tàbí Ìgbò. Ohun tí ọmọ bá ti mọ̀ ní èdè ilé, kì í pẹ́ yé e ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹlòmíì á ní yàrá kan lòun ń gbé nígboro, kò sí oko. Gọ́tà wà, adìyẹ aládùúgbò wà, òjò ń rọ̀. Ìyẹn ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kẹ́ ẹ tó ra báàgì ilé ìwé, ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ jọ yí ilé ká.