Ìjókòó Tó Tún Jẹ́ Àpótí

Ìyá oníṣòwò kan ní Ẹ̀pẹ́, tó ní ọkọ̀ pákó alábòrí, bi mí léèrè ohun tí òun lè ṣe kí omi má bàa máa ba gàrí òun jẹ́, kí èrò sì tún rí ibi jókòó. Ohun tí mo kàn sínú ọkọ̀ àbúrò mi ni n óò sọ fún un.

Ẹ sọ bẹ́ǹṣì di àpótí. Ínṣì 16 ni gíga rẹ̀, kí ẹ tó tẹ́ tìmùtìmù lé e. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì gbé ìdí rẹ̀ sókè, nítorí omi kì í tán nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ lu ihò sí iwájú rẹ̀. Gàrí tí ọ̀rinrin bá mú á bu. Ìṣó idẹ ni kí ẹ rà, bó tilẹ̀ wọ́n: kíá ni omi ń mú irin dógùn-ún.

Ẹrù wúwo, ìsàlẹ̀ ni, kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Àwọn tó ń to àpò sórí òrùlé ọkọ̀, ṣé wọn kò rí ìgbì rí ni? Ọkọ̀ tí òkè rẹ̀ wúwo kì í pẹ́ dojú dé.

Ẹ̀wù amúniléfòó ń kọ́? Ẹ má kó o sínú àpótí tí èèyàn jókòó lé. Ara èrò ló yẹ kó wà kí ọkọ̀ tó ṣí. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi kọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.