Ẹ Tún Àgò Ṣe Kí Ẹ Tó Pe Àlejò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín jà díẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti lọ wo ọgbà ẹranko kan tí n kò ní dárúkọ, ẹjọ́ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu yín: pé apá Gúúsù Amẹ́ríkà ibẹ̀ kò dáa. Ẹnì kan ní kò sí jaguar. Ẹlòmíràn ní ó yẹ kí wọ́n kó llama àti capybara wá, pé ọgbà ẹranko ìlú òyìnbó tí òun rí nínú fóònù, gbogbo wọn ló pé síbẹ̀. "Macaw kan péré! Ṣé ohun tí wọ́n gbowó lọ́wọ́ wa lé lórí náà nìyí?"

Èmi náà gbà pé kò dáa. Ṣùgbọ́n àrùn tí ẹ rí kọ́ ni mo rí.

Ẹ jẹ́ ká wo macaw yẹn. Ẹbí ayékòótọ́ wa ni. Nínú igbó Pẹrú àti Bùràsíìlì, tọkọtaya ló ń fò, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n sì ń fò kí wọ́n tó rí oúnjẹ òòjọ́. Ní Tambopata ní Pẹrú, wọ́n máa ń pé jọ bí ọjà sí etí odò láti jẹ amọ̀. Ó lè lo àádọ́ta ọdún láyé. Èyí tí a rí, òun nìkan ló dá wà nínú àgò tí kò lè na apá rẹ̀ méjèèjì sí. Sìmẹ́ǹtì nísàlẹ̀, páànù lókè, oòrùn ọ̀sán ń jó o. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ àyà rẹ̀ tán. Àwa ń rẹ́rìn-ín, à ń ní kó sọ "Good morning". Àádọ́ta ọdún nínú àgò yẹn! Adájọ́ wo ló ń fún olè ní irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀?

Ẹ wá ní kí wọ́n kó sí i wá. Llama, ará òkè Andes ni, níbi tó ga ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mítà lọ, tí òtútù ń mú gan-an. Ìdí nìyẹn tí irun fi bò ó bíi kúbùsù. Ẹ gbé e wá sí Èkó nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà kẹ́ ẹ wò ó. Capybara lè wúwo tó 60 kílò, inú omi ló sì ti ń gbafẹ́. Ọgbà tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ gbẹ táútáú lójú wa, níbo ni yóò ti lúwẹ̀ẹ́? Jaguar ńkọ́, tí eyín rẹ̀ ń fọ́ igbá ẹ̀yìn ìjàpá?

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, kìnnìún pa olùtọ́jú ẹranko kan ní Abẹ́òkúta. Ní oṣù kejì ọdún 2024, kìnnìún tún pa olùtọ́jú rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa kìnnìún náà. Ọmọ èèyàn kú, ẹranko kú. Bí kìnnìún, ẹranko ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, bá ń ná wa ní ẹ̀mí báyìí, kí ni a fẹ́ fi jaguar ṣe?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bi mí pé, ṣé kí wọ́n ti gbogbo ọgbà ẹranko pa ni? Rárá o. Macaw kan wà ní Bahia, ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ baba ńlá wa lẹ́rú lọ. Spix ni wọ́n ń pè é. Èyí tó kù nínú igbó di àwátì ní ọdún 2000. Àwọn tó wà nínú àgò nìkan ló ṣẹ́kù. Àwọn tó ń sìn wọ́n tọ́jú wọn títí wọ́n fi pọ̀ sí i. Ní 2020, wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú kó 52 láti Jámánì lọ sí Bahia, nígbà tó sì di 2022, wọ́n tú 8 sílẹ̀ sínú igbó. Àgò tó níṣẹ́ nìyẹn. Àwa náà kì í ṣe òpè sí i: ẹ̀kọ́ ni Yunifásítì Ìbàdàn torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹranko jọ ní 1948, kó tó di ọgbà ẹranko gidi ní 1974. Ní Lẹ́kì, níbi tí wọ́n dá ibùdó ìdáàbòbò ẹ̀dá sílẹ̀ ní 1990, ọ̀bọ ń fò láti igi dé igi láìsí irin kankan. Ayékòótọ́ tiwa gan-an ń wá irú ibi bẹ́ẹ̀: àwọn apẹyẹ kó o títí, àfi ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Johannesburg ní 2016 pé kí wọ́n má ṣe kó o láti inú igbó lọ tà sílẹ̀ òkèèrè mọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bó bá sì jẹ́ ẹranko Gúúsù Amẹ́ríkà lẹ fẹ́ rí dandan, ẹ má wulẹ̀ sanwó. Ẹ rìn gba ẹ̀yìnkùlé èyíkéyìí n'Ígàndò tàbí Ẹgbẹ́dá. Pẹ́pẹ́yẹ olójú pupa tó ń wẹ̀ nínú gọ́tà yẹn, Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹran ọ̀sìn. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó ló gbé e dé Áfíríkà lẹ́yìn ọdún 1500. Nínú igbó, ihò ara igi ló ń yé sí. Ìdí rèé tí èékánná fi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó sì máa ń fò gun òrùlé ìyá yín. Kì í pariwo bíi ti inú kátúùnù. Hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀ ló ń mí. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́. Mélòó nínú wa ló mọ èyí?

A ò mọ̀ ọ́n torí kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Pátákó ara àgò macaw yẹn, ìlà méjì ni: orúkọ Látìn, àti "South America". Ìyá tó kó ọmọ mẹ́ta wọ dáńfó láti Ìkọ̀tún, kí ló rí kọ́ níbẹ̀? Bẹ́ẹ̀ àwọn ọlọ́dẹ wa ń fi ìjálá ki ẹranko kọ̀ọ̀kan: ìrìn rẹ̀, ohun tó ń jẹ, ìbínú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ ẹranko náà kó tó rí i.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Kí a kọ̀wé sí ọgbà náà lórúkọ ẹgbẹ́ wa. Kí wọ́n fẹ̀ àgò macaw, kí wọ́n gbin igi sí i, kí wọ́n wá ẹnìkejì fún un, tàbí kí wọ́n gbé e fún ibi tó lè ṣe é. Kí wọ́n má ra ẹranko òkèèrè kankan títí omi àti ààyè yóò fi wà. Pátákó, àwa la ó kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ní Yorùbá tó já gaara.

Ẹni tí inú bá bí, ojú ìwé kò wọ́n. Kó kọ èsì wá. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ fún wa iye ẹsẹ̀ bàtà tó fẹ́ fún jaguar rẹ̀.